Bàbá mi dìde lóru, wọ́n ṣubú: ṣé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba ara wọn jẹ́ ni?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Bàbá mi ti pé ẹni ọdún 71, Òṣogbo ni wọ́n ń gbé. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti ń lo amlodipine, àti lisinopril tí wọ́n pò mọ́ oògùn ìtọ̀ (èyí tó ń mú kí èèyàn tọ omi ara dànù), BP wọn kì í sábà ju 130/78 lọ. Lóṣù tó kọjá, dókítà míì fún wọn ní doxazosin torí ìtọ̀ tó ń jí wọn lóru. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n dìde láago mẹ́ta òru láti lọ tọ̀, òòyì kọ́ wọn, wọ́n ṣubú, iwájú orí wọn là. Òòyì yẹn tún máa ń kọ́ wọn tí wọ́n bá dìde láti ìforíkanlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kírun àsùbáà. Màmá ní oògùn ti pa agbára ara wọn, pé ara ò lè ṣètò ẹ̀jẹ̀ fúnra ẹ̀ mọ́, ni wọ́n bá kó gbogbo oògùn dànù. Màmá náà ń lo nifedipine tí wọ́n ń rà ní kẹ́mísìtì, àyà wọn sì máa ń lù kìkìkì tí wọ́n bá ti lò ó tán. Ṣé òótọ́ ni pé oògùn máa ń pa agbára yẹn?"

Ìdáhùn:

Ẹ kú àmójútó bàbá o. Kí n tó ṣàlàyé ohunkóhun, ẹ pe dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lónìí, kẹ́ ẹ sọ fún un pé wọ́n ṣubú, kẹ́ ẹ sì sọ pé wọ́n ti kó gbogbo oògùn dànù. Ẹni ọdún 71 tó forí gbálẹ̀, ó yẹ kí wọ́n yẹ orí ẹ̀ wò dáadáa, àgàgà tó bá ń lo aspirin tàbí oògùn míì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Tí orí bá ń fọ́ wọn tí ò lọ, tí wọ́n ń bì, tàbí tí wọ́n ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má dúró ka ìyókù ohun tí mo kọ, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Ó yá, ìbéèrè yín. Rárá, oògùn ò pa agbára yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru gan-an ló ń bà á jẹ́, òun àti ọjọ́ orí àti ìtọ̀ ṣúgà. Àmọ́ ohun tí Màmá rí kì í ṣe irọ́ o, torí oògùn kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ti ń di ara lọ́wọ́, àwọn kan ò tiẹ̀ dí i lọ́wọ́ rárá, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ọwọ́ tí bàbá nílò jù láago mẹ́ta òru gan-an ni wọ́n dì mú. Doxazosin wà lára àwọn yẹn.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọrùn. Lábẹ́ igun àgbọ̀n, níbi tẹ́ ẹ ti máa ń gbọ́ ìlù ọkàn, òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá kan wà tó pín sí méjì níbẹ̀, ìkan ń lọ sí ọpọlọ, ìkan ń lọ sí ojú àti àwọ̀ orí. Níbi tó ti pín yẹn, ara òpó náà ní àwọn nẹ́ẹ̀fù kéékèèké tí iṣẹ́ wọn ò ju pé kí wọ́n máa mọ bí òpó yẹn ṣe ń ràn tó, ìyẹn bó ṣe ń nà tó. Irú wọn tún wà lára òpó tó tóbi jù, èyí tó tinú ọkàn jáde. Tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ (BP) bá lọ sókè, òpó á ràn, àwọn nẹ́ẹ̀fù yìí á máa ránṣẹ́ kíákíá sí ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tó ti fẹ́ di ọ̀pá ẹ̀yìn, ìyẹn náà á wá pàṣẹ kí ọkàn rọra máa lù kí àwọn òpó sì là, ìyẹn ni pé kí wọ́n fẹ̀ sí i. Tí ìfúnpá bá já wálẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń rán á dín kù, ọpọlọ á mọ̀ pé nǹkan ti ṣe, á ní kí ọkàn sáré, kí òpó fún pọ̀. Baroreflex làwọn oníṣègùn ń pè é, èmi máa ń pè é ní ẹ̀ṣọ́ ọrùn fún àwọn aláìsàn mi. (Ẹ má ṣe tẹ ibẹ̀ dán an wò o, pàápàá jù lọ lọ́rùn bàbá, torí tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ le, ẹ̀ṣọ́ á rò pé ìfúnpá ti ga, á dín ìlù ọkàn kù, àgbàlagbà sì lè dákú síbẹ̀.)

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ tí èèyàn bá dìde? Ẹ wo pure water kan, 50cl ló wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ìdùbúlẹ̀ dìde dúró, ẹ̀jẹ̀ tó tó pure water kan sí ọ̀kan àtààbọ̀ á ṣàn wálẹ̀ láti àyà lọ sínú ẹsẹ̀ àti ikùn. Èyí tó ń padà sínú ọkàn á dín kù, èyí tí ọkàn ń tì jáde náà á dín kù, orí ló sì wà lókè pátápátá. Ẹ̀ṣọ́ ọrùn á ti mọ̀ kí ọkàn tó lù lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta, ìlù ọkàn á fi bíi 10 sí 20 lé sí i ní ìṣẹ́jú kan, àwọn òpó inú ẹsẹ̀ àti ikùn á fún pọ̀, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bí ọmọkùnrin ṣe ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja tó sì fò dìde níwájú àwọn àna ẹ̀, tó tún dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀ṣọ́ ọrùn ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún un. Òun náà ló ń ṣe é nígbà tí bàbá bá gbórí kúrò nílẹ̀ lórí ẹní ìrun.

Ó wá ku ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, mo sì rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Màmá ti kọ́sẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ yìí ò mọ iye tó dáa, iye tó ti mọ́ ọn lára ló ń ṣọ́. Tí BP èèyàn bá wà ní 170 lójoojúmọ́ fún oṣù mélòó kan, ẹ̀ṣọ́ á gbà pé 170 ni ilé, tó bá wálẹ̀ sí 145 á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, á ní kí ọkàn sáré kí òpó fún pọ̀ kí ó lè padà sí 170 ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ṣọ́ ò fi lè wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn fúnra ẹ̀. Ìdí nìyẹn náà tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn fi máa ń sọ pé "dókítà, nígbà tí BP mi ga ara mi le, tẹ́ ẹ ti wá mú un wálẹ̀ yìí ó ń rẹ̀ mí". Òótọ́ ló ń sọ, ẹ̀ṣọ́ ẹ̀ ò tíì ṣí lọ sílé tuntun ni. Tí oògùn bá rọra mú ìfúnpá wálẹ̀ tí wọn ò sì já a dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ẹ̀ṣọ́ á bá a wálẹ̀, á gbà pé 130 ni ilé báyìí. Ẹ ò rí i pé oògùn tó bá ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ńṣe ló ń dá ẹ̀ṣọ́ padà sí àyè ẹ̀, ìdàkejì ohun tí Màmá sọ gan-an.

Lọ́dún 1973 Allen Cowley àti Arthur Guyton pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Jackson, ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà, tẹ iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe lára ajá. Wọ́n gé àwọn nẹ́ẹ̀fù ẹ̀ṣọ́ yìí kúrò pátápátá, wọ́n wá ń wọn ìfúnpá àwọn ajá náà tọ̀sán-tòru. Tẹ́ ẹ bá ṣírò gbogbo ẹ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ pín in, iye tó jáde ò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ajá tí wọn ò gé tiẹ̀ lọ. Àmọ́ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo ó lè fò sókè gan-an kó tún já wálẹ̀ wìì, ajá dìde ó já, ajá jẹun ó yàtọ̀. Ohun tí mo máa ń fi ìyẹn kọ́ àwọn ọmọ iléèwé mi ni pé kíńdìnrín ló ń pinnu iye tí ìfúnpá á jókòó sí láti oṣù dé oṣù, ẹ̀ṣọ́ ọrùn ló ń gbà á mú láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí bàbá láago mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ oògùn látorí nifedipine Màmá. Oògùn yẹn máa ń la àwọn òpó kéékèèké. Tó bá là wọ́n lójijì, ìfúnpá á já, ẹ̀ṣọ́ á pariwo, ọkàn á sáré. Àyà tó ń lù kìkìkì yẹn, ẹ̀ṣọ́ Màmá ló ń ṣiṣẹ́, ó wà láàyè dáadáa! Èyí tó ń tètè wọra ló máa ń fa ìyẹn jù, èyí tí wọ́n ṣe kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ikùn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é, bẹ́ẹ̀ sì rèé tẹ́ ẹ bá fọ́ irú ìyẹn sí méjì tàbí tẹ́ ẹ jẹ ẹ́ lẹ́nu, ẹ ti sọ ọ́ di èyí tó ń tètè wọra nìyẹn, ẹ béèrè lọ́wọ́ Màmá bóyá wọ́n máa ń fọ́ ọ. Amlodipine wà nínú ẹbí kan náà pẹ̀lú ẹ̀ ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó wọra, ó sì máa ń pẹ́ kó tó kúrò, ó lè gba wákàtí 30 sí 50 kí ìdajì ẹ̀ tó jáde nínú ẹ̀jẹ̀, fún ìdí yẹn ẹ̀ṣọ́ kì í bẹ̀rù ẹ̀, ẹsẹ̀ wíwú ló máa ń fà fáwọn èèyàn.

Ọ̀rọ̀ nifedipine yìí máa ń dùn mí dọ́kàn. Nígbà tí mo ń ṣe house job ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n bá gbé ẹni tí BP ẹ̀ jẹ́ 220 wọlé, a máa ń fi abẹ́rẹ́ lu kápúsù nifedipine, a máa fún un sí abẹ́ ahọ́n aláìsàn, inú wa á máa dùn pé ó wálẹ̀ kíákíá. Mo rí bàbá kan tó jẹ́ pé láàárín ogún ìṣẹ́jú ó ti já sí 110, ọkàn ẹ̀ ń sáré bí ẹni tó ń sá fún ejò, apá ọ̀tún ẹ̀ ò gbéra mọ́. Ọpọlọ ẹ̀ ti mọ́ 220 lára, ẹ̀jẹ̀ tó dé ibẹ̀ ní 110 ò tó o. Láàárín àwọn ọdún 1990 làwọn oníṣègùn káàkiri ayé wá ń kìlọ̀ pé ká jáwọ́ nínú ẹ̀, torí ó ti fa rọpárọsẹ̀ àti ìkọlù ọkàn fáwọn èèyàn. Tẹ́ ẹ bá rí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ṣe é fún èèyàn yín lónìí, ẹ dá a dúró.

Hydralazine náà máa ń mú ọkàn sáré bẹ́ẹ̀, kíńdìnrín sì tún máa ń di iyọ̀ àti omi mú nítorí ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi oògùn tó ń dín ìlù ọkàn kù àti oògùn ìtọ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lisinopril àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n ń mú ìfúnpá wálẹ̀, ọkàn ò sì sáré. Kẹ́míkà kan tí ara ń ṣe, angiotensin, ni wọ́n dín kù. Kẹ́míkà yẹn ń fún òpó pọ̀, ó sì tún máa ń lọ sí ìsàlẹ̀ ọpọlọ lọ di ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́, nítorí náà tó bá dín kù, ẹ̀ṣọ́ á rí àyè mí. Nínú gbogbo oògùn tí bàbá ń lò, èyí gan-an ló bá ẹ̀ṣọ́ rẹ́ jù. Àmọ́ láàárín àwa ènìyàn dúdú òun nìkan kì í sábà tó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi amlodipine tàbí oògùn ìtọ̀ kún un.

Oògùn ìtọ̀ fúnra ẹ̀ ò fọwọ́ kan ẹ̀ṣọ́. Omi ara ló ń dín kù, ìyẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀ṣọ́ máa fi ṣiṣẹ́ ló kéré sí i. Lọ́jọ́ tí ara bá le, kò séwu. Lọ́jọ́ tí ìgbẹ́ gbuuru bá mú wọn, tàbí tí oòrùn March bá mú wọn làágùn lọ́jà, tàbí tí wọ́n ń gbààwẹ̀ Ramadan tí wọn ò sì mu omi tó ní sààrì, kò sí bí ẹ̀ṣọ́ ṣe lè fún òpó pọ̀ tó tó máa bo àìtó yẹn.

Atenolol, bisoprolol, propranolol àtàwọn yòókù wọn, ọkàn ni wọ́n dì mú, kì í lè sáré bó ṣe yẹ tí ẹ̀ṣọ́ bá ké sí i. Òpó ṣì lè fún pọ̀, torí ẹ̀ ni kì í fi í gbé ọ̀pọ̀ èèyàn ṣubú tó bá jẹ́ òun nìkan. Ewu tí mo máa ń kìlọ̀ ẹ̀ ni pé tí ẹni tó ń lò ó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú, ìlù ọkàn ẹ̀ lè wà ní 70 jẹ́jẹ́, kí nọ́ọ̀sì wò ó kó ní kò sí nǹkan kan. Ẹ máa sọ fún wọn níbikíbi tẹ́ ẹ bá dé pé ẹ ń lò ó. Ẹ má sì já a dúró lójijì.

Èyí tí wọ́n kì í gbọdọ̀ já dúró lójijì jù lọ ni clonidine. Inú ọpọlọ ló ti ń ṣiṣẹ́, ńṣe ló dà bíi pé ó pa ohùn tó ń pàṣẹ "ẹ sáré, ẹ fún pọ̀" lẹ́nu mọ́. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ lójijì, láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta ohùn yẹn á padà pẹ̀lú ariwo tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, BP á fò sókè kọjá ibi tó wà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Inú ọpọlọ ni methyldopa tí wọ́n ń fún àwọn aboyún náà ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀, torí mo mọ̀ pé àgbo ń bẹ nílé ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa. Igi asófẹ́yẹjẹ, gbòǹgbò tí àwọn bàbá wa fi ń tọ́jú wèrè, reserpine wà nínú ẹ̀. Lára ìbátan ẹ̀ tó wà ní Íńdíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ reserpine jáde ní Basel, ní Switzerland, lọ́dún 1952, ó sì wà lára àwọn oògùn àkọ́kọ́ tó mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ lóòótọ́. Bó ṣe ń ṣe é ni pé ó máa ń kó kẹ́míkà tí nẹ́ẹ̀fù fi ń bá òpó ẹ̀jẹ̀ sọ̀rọ̀ tán nínú nẹ́ẹ̀fù. Ẹ̀ṣọ́ á ké, iṣẹ́ ò ní jẹ́. Tí bàbá bá ń mu àgbo tí gbòǹgbò yẹn wà nínú ẹ̀ kún oògùn òyìnbó, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀, mo ti rí i tó gbé èèyàn ṣubú rí.

Ó wá ku doxazosin, òun àti prazosin àti terazosin. Nẹ́ẹ̀fù tó ń fún òpó pọ̀, ẹnu ọ̀nà kan wà lára òpó tí iṣẹ́ ẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni àwọn oògùn yìí dí. Irú ẹnu ọ̀nà kan náà wà lẹ́nu àpò ìtọ̀ àti nínú próstéètì (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀), ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi ń rọrùn láti jáde tí wọ́n bá lò ó. Ẹ wá fọkàn bá bàbá lọ sórí bẹ́ẹ̀dì: wọ́n ti sùn fún wákàtí mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ wọn wà ní ìpele kan náà láti orí dé ẹsẹ̀. Ìtọ̀ jí wọn, wọ́n fò dìde nínú òkùnkùn. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn wá sẹ́sẹ̀. Oògùn ìtọ̀ ti dín omi ara kù, amlodipine ti la àwọn òpó, ọjọ́ orí ti mú kí òpó ọrùn le, kì í ràn bó ṣe yẹ mọ́, nítorí náà iṣẹ́ tí ẹ̀ṣọ́ ń rán ò já geere. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà ẹ̀ṣọ́ ké pé "ẹ fún pọ̀!" Doxazosin ti dí ẹnu ọ̀nà. Ọpọlọ ò rí ẹ̀jẹ̀ tó, òòyì dé, ilẹ̀ ló kàn. Ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ lèyí máa ń ṣẹlẹ̀ jù, tàbí ìgbà tí wọ́n bá fi kún ìwọ̀n ẹ̀, tàbí tí wọ́n bá ti já a dúró fún ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n wá padà sí ìwọ̀n kan náà. Torí náà, níbi tí wọ́n dúró sí báyìí, kí wọ́n má ṣe padà bẹ̀rẹ̀ doxazosin fúnra wọn rárá, dókítà ló máa sọ bóyá kí wọ́n lò ó láti ìwọ̀n tó kéré jù tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ sí tamsulosin, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan òpó ẹ̀jẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà lè fa òòyì. Amlodipine àti lisinopril tí wọ́n ti lò fún ọdún mẹ́fà láìṣubú, àwọn yẹn kọ́ ló jẹ̀bi, kí wọ́n bi dókítà lónìí bí wọ́n ṣe máa padà sí i.

130/78 tí wọ́n ń rí, lórí ìjókòó ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Kò sí bí ìyẹn ṣe lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dìde. Ẹ ṣe báyìí nílé tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ: kí wọ́n dùbúlẹ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n dìde dúró kẹ́ ẹ dúró tì wọ́n, ẹ wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú kan, ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Tí nọ́ńbà òkè bá já tó 20, tàbí ti ìsàlẹ̀ já tó 10, ẹ ti rí i pé ìfúnpá wọn ń já tí wọ́n bá dìde nìyẹn. Ẹ kọ ìlù ọkàn náà sílẹ̀, ẹ̀rọ máa ń gbé e. Tí ìfúnpá bá já 30 tí ìlù ọkàn sì fi 25 lé sí i, ẹ̀ṣọ́ ń ké, omi ló ṣeé ṣe kó má tó. Tó bá já 30 tí ìlù ọkàn ò fi ju 4 tàbí 5 lé sí i, nẹ́ẹ̀fù ló yẹ kí dókítà wá lọ wò, ìtọ̀ ṣúgà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, àfi tí wọ́n bá ń lo àwọn oògùn bíi atenolol tó ń dí ọkàn lọ́wọ́.

Lóru, ẹ gbé póò sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n máa jókòó tọ̀. Kí wọ́n tó dìde kí wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì bí ìṣẹ́jú méjì, kí wọ́n máa gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè-sódò, iṣan ẹsẹ̀ máa ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Tó bá jẹ́ ìrun, ẹ̀sìn gba aláìsàn láyè láti kí i lórí ìjókòó, kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ títí tí ọ̀rọ̀ yìí á fi yanjú. Kọ́ọ̀pù omi kan kí wọ́n tó dìde láàárọ̀ ń ṣèrànwọ́. Iyán ńlá lọ́sàn-án tí wọ́n sì dìde lẹ́yìn ẹ̀ wìì, kí wọ́n ṣọ́ra fún ìyẹn náà, ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ síkùn.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ kọ orúkọ àwọn oògùn tí Màmá ti kó dànù sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì kó gbogbo sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn bàbá tẹ́ ẹ bá ṣì rí sínú nylon kan ṣoṣo, ti dókítà ẹ̀jẹ̀ ríru, ti dókítà ìtọ̀, ti kẹ́mísìtì, àti ìgò àgbo tó bá wà. Látinú ohun tẹ́ ẹ kọ, ó jọ pé dókítà tó fún wọn ní doxazosin ò mọ̀ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mẹ́ta ti wà nílẹ̀. Ẹ gbé nọ́ńbà ìdùbúlẹ̀ àti ti ìdúró dání lórí bébà. Kẹ́ ẹ sì mú Màmá dání pẹ̀lú nifedipine wọn.